Ọ̀rọ̀ Pupa Etí Ìwé Orin

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, kò sóhun tó ń múnú mi dùn tó ìwé tí wọ́n fi tàípù tẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Kí etí òsì gún régé, kí lẹ́tà kan má gun orí òmíràn, kí àpá rọ́bà tí wọ́n fi ń pa lẹ́tà rẹ́ má sí níbì kankan. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ tàípù, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó máa ń fi rúlà gbá wa ní èékánná bí a bá fi ìka dọ̀tí kan bébà. Mo gba ẹ̀kọ́ náà sára ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo padà sílé ní Apòmù, tí bàbá mi sì yọ̀ǹda yàrá iwájú fún mi kí n máa fi ṣiṣẹ́, èmi gan-an ni mo máa ń bá àwọn tó gbé iṣẹ́ wá jà pé ìwé wọn ti dọ̀tí jù. Àwọn míì á bínú lọ, wọ́n á tún padà wá, nítorí kò sí tàípù mìíràn ládùúgbò.

Òmìnira ò tíì dé nígbà náà. Àwa ọ̀dọ́ rò pé gbogbo nǹkan ló ń bọ̀ wá di tuntun, pé gbogbo ohun tí àwọn àgbà fi ọwọ́ kọ la máa tún tẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Bí mo bá ti jókòó ti tàípù mi láàárọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́, orí mi á wú. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Gbọ̀ngán á máa juwọ́ sí mi láti ojú títì, èmi náà á ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni tíṣà kan gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà mi. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Apòmù ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, òun náà ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin wa. Ọ̀dọ́ ni, ó gbọ́ fáàrí. Ẹni tó bá ti ń retí pé èmi àti òun máa fẹ́ra gbẹ̀yìn, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, mi ò fẹ́ ẹ.

Ó gbé ìwé ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé lé orí tábìlì mi. "Mísì," ó ní, "iṣẹ́ ńlá dé o. Ìwé Ọ̀gá nìyí."

Kò sí akọrin ìjọ kan láti Ìkirè dé Wásinmi tí kò mọ ẹni tí à ń pè ní Ọ̀gá. Ìkirè ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti darí àwọn akọrin ibẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kí àìsàn ọ̀nà ọ̀fun tó mú ohùn wọn lọ. Kì í ṣe pé ohùn náà há o. Ó lọ pátápátá ni, débi pé wọn ò lè pe ọmọ wọn lórúkọ mọ́. Orin kan ṣoṣo ló wà tí Ọ̀gá fúnra wọn ṣe, tí wọ́n kọ dò-rè-mí rẹ̀ sílẹ̀ fún ohùn mẹ́rin. Ìjọ Ìkirè ti kọ́ ilé ìjọsìn tuntun, wọ́n fẹ́ ṣí i lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà náà, wọ́n sì fẹ́ kí akọrin Ìkirè àti ti Apòmù pa pọ̀ kọ orin Ọ̀gá níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Kánò máa mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí wọn ò bá gbọ́ orin náà lọ́jọ́ Àìkú yẹn, kò tún sí ọjọ́ mìíràn tí wọ́n máa gbọ́ ọ.

"Àlùfáà Ìkirè ò tiẹ̀ fọkàn sí i," tíṣà ní. "Wọ́n ní orin náà ti le jù, àti pé àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ti ṣí lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Wọ́n ní bí kò bá tíì jinná ní ìdánrawò ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìṣílé, inú ìwé orin ìjọ la ó ti mú òmíràn. Ìwé ẹyọ kan yìí la sì ní. Báwo ni ọgbọ̀n èèyàn ṣe fẹ́ yọjú lé ìwé kan?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní sítẹ́ńsù, ìyẹn bébà kan tí wọ́n fi ìda ra, tó jẹ́ pé bí lẹ́tà tàípù bá gún un, yíǹkì á máa gba ojú ihò náà kọjá. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Gbọ̀ngán sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tó ń fi sítẹ́ńsù kan tẹ ọgbọ̀n ìwé jáde kí èèyàn tó rí àyè jókòó.

Ìgbà tí mo tú aṣọ funfun náà ni mo pariwo. Dò-rè-mí tí Ọ̀gá fi yíǹkì dúdú kọ dára bí ìgbà tí ẹ̀rọ kọ ọ́, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù pupa ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́! Pupa létí ìwé, pupa láàrin ìlà, pupa tó gun òkè, pupa tó dorí kodò. Ó dà bí ẹni pé adìyẹ tẹ ata gígún mọ́lẹ̀ tó wá rìn kọjá lórí ìwé. Mo rí "ẹ rọra," mo rí "rárá o," mo rí ibi tí wọ́n kọ "mo ti sọ fún yín" sí. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tó fi wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ìdọ̀tí ni, iṣẹ́ mi sì ni láti mú ìdọ̀tí kúrò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ìwé Ọ̀gá fẹ̀, bébà tèmi tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà mo gé àwọn ìlà gígùn sí kúkúrú. Níbi tí mo bá ti rí àlàfo tí kò nídìí, mo pa á dé. Mo fi abẹ́rẹ́ gún àmì sábẹ́ àwọn lẹ́tà tó yẹ kó ní àmì, nítorí tàípù òyìnbó ò ní in. Nígbà tí wọ́n yí i tán ní Gbọ̀ngán, tí mo gbé ìwé àkọ́kọ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo sọ fún bàbá mi pé wọn ò tíì rí irú ìwé orin bẹ́ẹ̀ rí ní Ìkirè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tọ́sidé ni ìdánrawò àkọ́kọ́, ní Ìkirè. Àwa tá a ti Apòmù wá wà lápá kan, àwọn ìyókù akọrin Ìkirè wà lápá kejì, Ọ̀gá sì jókòó sórí àga níwájú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé ọ̀pá wọn. Tíṣà gbé ọwọ́ sókè, orin bẹ̀rẹ̀. Haa! Ó sáré bí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì. Kò sẹ́ni tó mí níbi tó yẹ kó mí. Àwọn tó ń kọ báàsì bo áátò mọ́lẹ̀, àwọn tírébù ń lọgun níbi tó jọ pé àdúrà ló yẹ kó jẹ́. Wọ́n kọ ọ́ dópin, ẹni tó ń tẹ dùùrù ṣì kù sẹ́yìn pẹ̀lú ìlà méjì.

Ọ̀gá mú ìwé mi, wọ́n wò ó. Wọ́n yí i dà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun, bí ẹni tó rò pé bóyá ibẹ̀ la kó èyí tó kù sí. Wọ́n tún yí i padà. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n fi ìwé náà sórí àga, wọ́n sì lọ sílé. Àlùfáà wo tíṣà, tíṣà wò mí.

Kí n má purọ́, inú ló bí mi. Iṣẹ́ tí mo fi oorun ojú mi ṣe! Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkirè pẹ̀lú ìjà lọ́kàn. Mo bá Ọ̀gá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn, àmọ́ ohùn tí mo fi kí wọn ò dára tó. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí tó burú nínú ìwé náà? Mi ò fo nóòtì kan."

Wọ́n fa pátákó kékeré kan tí wọ́n fi bébà lé lórí mọ́ra, wọ́n mú pẹ́ńsù pupa, wọ́n kọ̀wé. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó nà án sí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "O ṣeun fún iṣẹ́ rẹ. Kí ohùn mi tó lọ, mo máa ń fi ẹnu sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́. Látìgbà tó ti ń lọ ni mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Pupa yẹn ni ẹnu mi. O ti yọ ọ́."

Gbogbo ìjà tó wà nínú mi pòórá. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa wò. Àmọ́ bí ìtìjú náà ṣe ń lọ ni ayọ̀ kan ń wọlé, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀. Mo ní ẹnu èèyàn nílé, lórí tábìlì mi, mo sì ní tàípù tí mo lè fi tẹ̀ ẹ́! Mo sọ fún Ọ̀gá pé kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ díẹ̀. Mi ò dúró gba omi tí wọ́n ní kí n mu.

Mo wá sáré kọjá àlà. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ pátá, dúdú àti pupa, mi ò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí mi ò rò ni pé sítẹ́ńsù ò mọ pupa. Yíǹkì kan ló wà nínú ẹ̀rọ Gbọ̀ngán, dúdú ni. Nígbà tí ìwé jáde, orin àti ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ti di ọ̀kan náà, kò sóhun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Èmi mọ èyí tó jẹ́ orin, mo sì gbà pé gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ nípa àwa akọrin Apòmù. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló tọ́ wa. Ó kọ́ wa pé ẹni tó bá fo ọ̀rọ̀ kan nínú orin ìjọ, Ọlọ́run lẹni náà ń já kulẹ̀. A kì í fo nǹkan kan. Bí wọ́n bá tẹ orúkọ ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé sísàlẹ̀ orin, ẹ̀rù á máa bà wá pé bóyá ó yẹ ká kọ ọ́.

Ní ìdánrawò kejì, àlùfáà tún wá jókòó tì wá. Orin náà ní ibì kan tó sọ pé, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ààyè wà." Àwọn Ìkirè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa Apòmù, pẹ̀lú ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ ọ́ pé, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ mí níbí, ààyè wà!" Kò tiẹ̀ burú létí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara mu. Àwọn Ìkirè bojú wẹ̀yìn. A ò dúró, èmi tí mo mọ̀ ọ́n gan-an ti bá wọn lọ. A kọ ọ́ pé, "Áátò, ẹ má wo ojú tírébù." A kọ ọ́ pé, "Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wúkọ́." Kò sí dò-rè-mí fún ìyẹn, a fọgbọ́n orí wá ohùn fún un, báàsì tiẹ̀ tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tá a dé "mo ti sọ fún yín, rárá o, rárá o," ẹni tó ń tẹ dùùrù ti gbé ọwọ́ kúrò.

Mo wo Ọ̀gá. Èjìká wọn ń mì. Mo rò pé wọ́n ń sunkún. Ẹ̀rín ni! Ẹ̀rín tí kò ní ohùn, tí omijé ń bọ́ lójú wọn, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín, tíṣà di ikùn mú, àwọn ìyá tó ń kọ áátò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Inú mi dùn, ojú sì tún ń tì mí.

Àlùfáà ò rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ o," wọ́n ní. "Bí mo bá tún gbọ́ irú èyí, ìwé orin ìjọ la ó ṣí."

Nígbà tí mo jókòó yẹ ìwé náà wò nílé, mo rí i pé àṣìṣe mi ju ọ̀kan lọ. Àwọn ìlà tí mo gé ti da nǹkan rú. "Ẹ rọra" tí Ọ̀gá kọ sábẹ́ "ilẹ̀kùn" ti bọ́ sábẹ́ "ayọ̀" nínú tèmi, ìyẹn ibi tó yẹ ká ké dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó wà ní ìparí ìlà ńkọ́? Ṣé ìlà tó ṣáájú ló ń bá wí ni, àbí èyí tó ń bọ̀? Ìwé ò sọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ, ẹni náà ò sì lè sọ̀rọ̀.

Mo kó tàípù mi sínú ọkọ̀, mo gbé e ka itan, mo forí lé Ìkirè. Ọ̀sán mẹ́ta gbáko la fi ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọ̀gá, mi ò sì rò pé mo tún gbádùn iṣẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Mo ti wá ọgbọ́n kan dá. Lórí tàípù, ìlà kékeré kan wà tó dàgẹ̀rẹ̀ bí ọ̀pá tí wọ́n fi ti ògiri. Mo ní gbogbo ohun tó bá wà láàrin irú ìlà bẹ́ẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ọ́ lórin, kí wọ́n kàn gbọ́ ọ kí wọ́n sì ṣe é. Lókè ìwé àkọ́kọ́, mo tẹ ìyẹn ní lẹ́tà ńláńlá, tìtorí àwa ará Apòmù.

Ìyẹn yanjú ọ̀kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa dúró ló kù. Mo ní kí Ọ̀gá máa fi ìka kan tábìlì. "Èyí ńkọ́ sà, ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?" Ẹ̀ẹ̀kan bó bá jẹ́ ti òkè, ẹ̀ẹ̀mejì bó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀. Kó! Mo tẹ̀ ẹ́. Kó-kó! Mo tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ló ń bá wí, mo máa ń fi í sórí ọ̀rọ̀ náà gan-an, kó lè jẹ́ pé ibikíbi tí mo bá gé ìlà náà sí, wọ́n á jọ lọ ni. Bó bá jẹ́ gbogbo orin ló ń bá wí, mo gbé e lọ sókè pátápátá. Nígbà tó dọ̀sán kejì, mo ti ń mọ èsì kí wọ́n tó kan tábìlì, mo sì ń pariwo, "Ti ìsàlẹ̀ ni, àbí?" Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ó ya àwọn aládùúgbò lẹ́nu pé ilé tó ti dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tún ń hó.

A bá ọ̀kan pàdé tó ní, "Ìwọ tẹ́nọ̀ tó ń wọ bàtà dún, bọ́ ọ." Tẹ́nọ̀ náà ti wà l'Ékòó láti ọjọ́ pípẹ́. Mo béèrè bóyá kí n yọ ọ́, nítorí ẹni tí wọ́n ń bá wí ò sí mọ́. Ọ̀gá rò ó díẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ fún mi pé, "Fi í síbẹ̀. Ẹlòmíràn máa wọ bàtà dún."

Ọ̀sán kẹta la dé àlàfo kan nítòsí ìparí. Àlàfo náà kò kéré, èèyàn lè ka oókan dé ẹẹ́jọ nínú rẹ̀ kí ohùn tó tún wọlé. Ìgbà méjèèjì tí mo tẹ ìwé yìí ni mo ti pa á dé, tí mo fi ìlà tó kàn sún mọ́ ọn, nítorí mo rò pé yíǹkì ló gbẹ mọ́ Ọ̀gá lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ pupa kan wà tó kéré tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ fiyè sí tẹ́lẹ̀: "Ti ìyá wọn. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Èyí ńkọ́ sà? Ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?"

Wọn ò kan tábìlì. Mo tún béèrè, mo tiẹ̀ gbé ohùn sókè bí ẹni pé etí wọn ló di. Wọ́n fa bébà mọ́ra. "Ìyàwó mi ló máa ń dá kọrin níbẹ̀. Mi ò lè kọ nóòtì rẹ̀ sílẹ̀, torí kì í kọ ọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti kú."

Mo wo ìwé náà, mo wo ọwọ́ Ọ̀gá tó wà lórí tábìlì, omi lé ròrò sójú mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ pupa yòókù ní ohun tí wọ́n dì mú, dúdú kan wà lábẹ́ wọn. Èyí ò ní nǹkan kan lábẹ́ àfi àlàfo. Mo sọ ọ́ síta pé mi ò ní pa á dé mọ́ láé. Mo tẹ àlàfo náà, mo ń kà á bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo sì fi ọ̀rọ̀ Ọ̀gá sáàárín rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ méjì, kí ẹlòmíràn tó bá tún máa tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ iwájú má lè rò pé yíǹkì ló gbẹ.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ dé, mi ò lè jẹun láàárọ̀. Mo pín ìwé náà fún wọn fúnra mi, mo ń ṣàlàyé títí tíṣà fi ní, "Mísì, ó ti tó, a ti gbọ́." Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ara mi bù máṣọ. Wọ́n rọra níbi ilẹ̀kùn. Wọ́n ké níbi ayọ̀. Áátò ò wo ojú tírébù. Nígbà tí wọ́n dé "ẹ mí níbí," ọgbọ̀n èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rí àlùfáà tí èjìká tiwọn náà gbé sókè, wọ́n bá wa mí láìmọ̀. Mo fi ìwé bo ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Ibi àlàfo nìkan la ti jà. Tíṣà ní kò dára kí gbogbo ìjọ dákẹ́ lójijì, pé àwọn èèyàn máa rò pé a gbàgbé orin ni. Ó fẹ́ kí dùùrù dún díẹ̀ níbẹ̀. Mo dìde. Mo ní bí dùùrù bá dún níbẹ̀, mo máa gba gbogbo ìwé mi padà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n lọ wá ẹlòmíràn tó máa tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mísì, kí ló ń bí yín nínú báyìí?" Mo fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ náà fún un, mo ní kó kà á sókè. Ó kà á. Kò bi mí ta ni ìyá wọn, nítorí àwọn àgbà akọrin Ìkirè ti ń mi orí. Ó ní ó dáa, òun á ka oókan dé ẹẹ́jọ, òun á sì mú wọn wọlé.

Àlùfáà ní, "Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú." Mo fò sókè níwájú gbogbo wọn bí ọmọ kékeré.

Ọjọ́ Àìkú náà, ilé ìjọsìn tuntun kún dé ẹnu ọ̀nà. Páànù rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri. Àwọn èèyàn ti Gbọ̀ngán àti Orílẹ̀-Òwu wá. Iwájú ni Ọ̀gá jókòó sí, ọmọ wọn tó ti Kánò dé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ti di ẹrù wọn sílẹ̀ láti àná. Mo wà láàrin àwọn áátò, níbi tí mo ti ń rí ojú wọn kedere.

A kọ ọ́. Inú mi ń dùn gan-an. Ìlà kan ń tẹ̀ lé òmíràn, mo sì ń rí i lójú Ọ̀gá bí ọ̀rọ̀ wọn kọ̀ọ̀kan ṣe ń bọ́ sí àyè rẹ̀. Wọ́n ń fi ìka kan orúnkún wọn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà mìíràn wọ́n á mi orí kí a tó dé ibẹ̀, a ó sì débẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Mo gbàgbé pé èmi ni mo tẹ ìwé náà.

A dé àlàfo. Gbogbo wa dákẹ́, dùùrù dákẹ́. Àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn wò wá. Tíṣà gbé ọwọ́ sókè, ó ń kà á sínú, mo rí ètè rẹ̀. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Ọ̀gá dìde. Wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀ lórí àga, wọ́n dojú kọ wa, wọ́n sì la ẹnu. Ohùn kankan ò jáde. Ṣùgbọ́n orin ni wọ́n ń kọ, mo rí ọrùn wọn tó ń le, mo rí àyà wọn tó ń gbé sókè níbi tó yẹ kí èèyàn mí. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yẹn, dúdú àti pupa, èyí ò sí nínú rẹ̀. Ọmọ wọn fi ọwọ́ bo ojú.

Tíṣà kà á dé ẹẹ́jọ. Ọ̀gá ò tíì ṣe tán. Mo rí ọwọ́ tíṣà tó ṣì wà lókè, tí kò já a wálẹ̀. Ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó wúkọ́, kò sẹ́ni tó yí ìwé. Àwọn ará ìjọ ò gbọ́ nǹkan kan, ọgbọ̀n akọrin sì dúró dè é níbẹ̀, títí Ọ̀gá fi kọ ọ́ parí.